Nílé arúgbó, ọdẹ ló ń gbọ́ fèrè ajá

Ajá méjì ni wọ́n mọ̀ jù ní Kétu, nílẹ̀ Benin: èyí tó ń ṣọ́ ilé àti èyí tó ń bá ọdẹ rìn. Ẹ̀kẹta wà lókè òkun, ajá atuninínú, tí olówó rẹ̀ máa ń mú lọ kí àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú, àwọn ọmọ níléèwé, àti àwọn èwe tó kóra jọ sí ibùdó lásìkò ìsinmi. Nọ́ọ̀sì kan ní New Jersey, ní Amẹ́ríkà, Elaine Smith, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà lọ́dún 1976. Ẹ má ṣe kà á mọ́ ajá tó ń mú afọ́jú rìn o. Ẹnì kan ṣoṣo ni tiyẹn ń sìn.

Ìmọ́tótó ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì: kí ajá wẹ̀, kí èékánná rẹ̀ wà ní gígé, kó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ẹ̀rù ajá tó ń ba àwọn ọmọ wa kì í ṣe ojo, torí nínú èèyàn 100 tí dìgbòlugi bá pa, ajá ló kó o ran nǹkan bí 99. Pet Partners, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, kì í tiẹ̀ gba ajá tó ń jẹ ẹran tí a kò sè, kí kòkòrò inú ẹran má baà ti ẹnu ajá dé ara arúgbó.

Ohun tó ń bí ni nínú ni pé àwọn èèyàn rò pé wọ́n kọ́ ajá yìí ní àánú. Ta ló lè kọ́ ajá láàánú? Dídán ni wọ́n ń dán an wò. Àjèjì á pariwo, ẹlòmíì á rìn ségesège kọjá níwájú rẹ̀ bí aláìsàn, ọ̀pọ̀ èèyàn á rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á máa fọwọ́ pa á lára. Ajá lè ta gìrì. Èyí tó bá ta gìrì, tó tún padà wá gbóòórùn ohun tó dẹ́rù bà á, ló yege. Èyí tó sá sẹ́yìn olówó rẹ̀ tí kò jáde mọ́, ajá rere ni, iṣẹ́ yìí ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ọwọ́ ẹni tó di okùn mú ni iṣẹ́ gidi wà. Gbogbo ojú wà lára arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín. Ojú ẹni tó di okùn kò gbọdọ̀ kúrò lára ajá. Ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé ọdẹ. Nínú igbó, ó ń wo etí tó nà ṣọnṣọ, ìrù tó le, ẹsẹ̀ iwájú kan tí ajá gbé sókè tí kò gbé sílẹ̀ mọ́. Ajá kò gbó, ọdẹ ti mọ̀ pé ẹran wà lápá òsì, ó ti rọra kúnlẹ̀. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Nílé arúgbó, ọdẹ ló gbọ́dọ̀ gbọ́ fèrè ajá.

Fèrè náà kì í dún. Ajá á la ẹnu gbàgà, á yán, bẹ́ẹ̀ ni oorun ò kùn ún. Á fi ahọ́n lá imú láìsí oúnjẹ nítòsí. Á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú ò ní bá orí lọ, funfun ẹyinjú á yọ létí. Ìrù pàápàá ń tan ni jẹ: ajá tí ẹ̀rù ń bà náà ń ju ìrù, àmọ́ ara rẹ̀ á le gbagidi. Wákàtí 2 ni Pet Partners fi ṣe òpin àbẹ̀wò, ṣùgbọ́n ajá lè sọ pé ó tó ní ìṣẹ́jú 20.

Níléèwé, ètò R.E.A.D. bẹ̀rẹ̀ ní Salt Lake City lọ́dún 1999: ọmọ á jókòó sílẹ̀, á kàwé sókè sétí ajá. Ẹ wo ọmọ Kétu tó ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n pè síwájú pátákó láti ka Faransé. Ó ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ wọlé. Ajá kì í fini ṣẹ̀sín. Bí ọmọ bá ka ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó mú un, orí ajá ṣì wà lórí itan rẹ̀, ó ń gbóná lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ibi tí ètò yìí ti gbọ́n ni pé ajá lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀. Ibẹ̀ náà ni àbùkù rẹ̀ wà. Ẹni tó máa gbà pé ajá ti kọ̀ ni ẹni tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kí kú iṣẹ́, tí ìyá àgbà kan ṣì ń na ọwọ́ sí. Ó lè jẹ́ pé kò sí ẹlòmíì nínú yàrá náà tó mọ̀ pé yíyán yẹn kì í ṣe ti oorun. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fa okùn, tí yóò sì bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ má bínú, Màmá, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."