Ẹ̀yìn gálọ́ọ̀nù ni kí a kà: yíyan ọ́ìlì fún alùpùpù ọ̀nà jíjìn

Ẹ́ńjìnnì nìkan ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń bá ṣiṣẹ́. Gíà mọ́tò ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò oní-gíà-ọwọ́, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà tó sì ń tú u, máa ń gbẹ táútáú. Ti alùpùpù yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ọ́ìlì tó ń tu písítìnnì lára náà ló ń gba àárín eyín gíà kọjá, òun kan náà ni àwọn pílẹ́ẹ̀tì kílọ́ọ̀ṣì sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta, ọ́ìlì kan. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì sì ń fẹ́ kí pílẹ́ẹ̀tì di ara wọn mú.

Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ́tò lóde òní máa ń po èròjà kan mọ́ ọn kí irin lè yọ̀ lórí irin, kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Fún mọ́tò, ó dára. Bó bá wọ inú alùpùpù, kílọ́ọ̀ṣì lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Èèyàn á wà ní gíà karùn-ún, á yí tọ́rọ́tù, ẹ́ńjìnnì á ké tòò, àmọ́ eré kò ní kúrò níbi tó wà. Ìgbà tí èrò bá wà lẹ́yìn, tí ẹrù kún àpótí, tí òkè sì wà níwájú ló máa ń kọ́kọ́ hàn. Bí a bá tètè rí i, ká da ọ́ìlì náà nù, ká rọ èyí tó tọ́ sí i, pílẹ́ẹ̀tì sábà máa ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Bí òórùn jíjóná bá ti ń jáde, ó di kí a pààrọ̀ pílẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ọ́ìlì lẹ́bi, ká wo okùn kílọ́ọ̀ṣì: ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣe wọ́yọ́wọ́yọ́ díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Okùn tó fún jù máa ń mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀ bákan náà, owó ọ́ìlì á kàn ṣòfò lásán ni.

Òdiwọ̀n tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ti ilẹ̀ Jàpáànù wá. Ní 1998, JASO, àjọ tó ń ṣètò òdiwọ̀n ọkọ̀ níbẹ̀, gbé òdiwọ̀n tó ń jẹ́ T903 jáde fún ọ́ìlì alùpùpù. Wọ́n á fi ọ́ìlì sí ara pílẹ́ẹ̀tì kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á wọn bí wọ́n ṣe di ara wọn mú nígbà tí wọ́n ń yí lára ara wọn, nígbà tí wọ́n dúró, àti bó ṣe pẹ́ tó kí yíyí náà tó dáwọ́ dúró. Èyí tó jẹ́ kí wọ́n di ara wọn mú dáadáa ń jẹ́ MA, èyí tó ń yọ̀ ń jẹ́ MB. Ní 2006 wọ́n pín MA sí MA1 àti MA2, MA2 ló sì ń jẹ́ kí pílẹ́ẹ̀tì di ara wọn mú jù. MB kì í ṣe ayédèrú o. Ti sikútà ni, tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò sí nínú ọ́ìlì.

Nítorí náà, àwòrán alùpùpù tó ń sáré níwájú gálọ́ọ̀nù kò sọ nǹkan kan fún wa. Ká yí i padà. Lára àwọn lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn ni a ó ti wá JASO MA tàbí MA2. Nítòsí rẹ̀ ni àmì API, àjọ epo rọ̀bì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sábà máa ń wà, ó rí roboto pẹ̀lú ihò láàárín bíi dónọ́ọ̀tì. Òkè rẹ̀ ni SJ, SL, SN tàbí SP máa ń wà. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ni òdiwọ̀n náà ṣe jẹ́ tuntun tó. Àárín rẹ̀ ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó wà, 10W-40 tàbí irú rẹ̀. Bí a bá rí Resource Conserving tàbí Energy Conserving (pé kì í jẹ́ kí ọkọ̀ jẹ epo púpọ̀) ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, ká dá a padà sórí pẹpẹ, ti mọ́tò ni. SP tí kò ní JASO kò sàn fún alùpùpù ju SL tó ní MA2 lọ.

Ó ku nọ́ńbà. W dúró fún ìgbà òtútù, nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ sì ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ìwọ̀n òtútù tí wọ́n ti ń dán 10W wò ni -25°C, ti 20W ni -15°C. Ẹni tó ń gun alùpùpù ní Scotland nínú oṣù January nílò láti ro èyí. Ní Èkó tàbí Kùtọnu, kódà nígbà ọyẹ́, òtútù kò dé ìdajì ọ̀nà ibẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ló kàn wá jù: bí ọ́ìlì ṣe ki tó ní 100°C. Mm²/s ni wọ́n fi ń wọn kíki náà. Èyí tó jẹ́ 40 gbọ́dọ̀ wà láàárín 12.5 sí 16.3 mm²/s, 50 sì wà láàárín 16.3 sí 21.9. Ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ nìkan ń tù, tó wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, ń mú ọ́ìlì gbóná ju èyí tó ní rédíétọ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí 20W-50 fi wọ́pọ̀ fún ọ̀kadà bíi Bajaj Boxer. Ṣùgbọ́n pé ó ki jù kò sọ ọ́ di èyí tó dára jù. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún 10W-30 ní ojú ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà, bí 50 bá sì wọ ibẹ̀, á máa lọ́ra kó tó dé òkè lówùúrọ̀.

Ìwé tó bá alùpùpù wá ló ni ìdájọ́. Honda Gold Wing ń béèrè 10W-30 pẹ̀lú JASO MA. BMW R 1250 GS ń lo 5W-40 pẹ̀lú MA2, bíi lítà mẹ́rin. Àwọn Harley-Davidson ńláńlá máa ń lo 20W-50 nínú ẹ́ńjìnnì, àmọ́ gíà wọn ní ihò ọ́ìlì tirẹ̀, àpótí ṣéènì àti kílọ́ọ̀ṣì náà sì ní tirẹ̀. R 1200 GS tó ti wà ṣáájú 2013 ní kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ bíi ti mọ́tò, nítorí náà JASO kò ká a lára.

Ohun kan wà tí ẹni tó bá ń rin ọ̀nà jíjìn máa ń fi ẹsẹ̀ mọ̀. Èròjà tó ń jẹ́ kí 10W-40 ṣàn nínú òtútù kó má sì ṣàn jù nínú ooru jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú kò lè rí. Eyín gíà máa ń gé wọn bí ìgbà tí èèyàn ń rún ewédú. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, 40 á ti máa ṣe bíi 30. Gíà á bẹ̀rẹ̀ sí í le lábẹ́ ẹsẹ̀, á máa yọ kúrò láàárín gíà kejì sí ìkẹta, ohùn ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ. Bí èyí bá ti ń ṣẹlẹ̀, kí a má dúró de kìlómítà tí wọ́n kọ sínú ìwé. Synthetic, ọ́ìlì tí wọ́n fi ìmọ̀ kẹ́míkà ṣe, máa ń fara da ooru ju èyí tí wọ́n kàn fọ̀ láti inú epo rọ̀bì lọ. Àwọn kan ń sọ pé ó máa ń mú kílọ́ọ̀ṣì yọ̀, irọ́ ni; bí ó bá ti ní MA2, kò sí wàhálà.

Pípààrọ̀ rẹ̀ kò le. Ká jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, ká pa á, ká ṣí ìdérí òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ká tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Wọ́ṣà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun nígbà gbogbo, torí èyí tó ti tẹ̀ kì í dí ihò mọ́. Ká fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fílítà kí a tó dè é. Kí a má rọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: bí ìwé bá ní lítà mẹ́rin, ká rọ mẹ́ta àtààbọ̀, ká tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ká pa á, ká dúró kí ó ṣàn padà wálẹ̀, ká wò ó, ká wá fi ìyókù kún un. Alùpùpù gbọ́dọ̀ nàró ṣánṣán. Bó bá dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́, irọ́ ni géèjì máa pa. Ní ọ̀pọ̀ Honda, a kì í lọ́ géèjì wọlé kí a tó kà á, a kàn ń gbé e lé ibẹ̀ ni. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì á máa lù ú títí á fi hó bí ọṣẹ, á sì máa sá gba ilé afẹ́fẹ́ jáde.

Lójú ọ̀nà, ká gbé ike lítà kan dání, irú èyí tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ọjà bá tán, ilé iṣẹ́ mìíràn kò burú bí nọ́ńbà àti JASO bá bára mu. A lè po wọ́n pọ̀ dé ilé. Ọ́ìlì tó dúdú kò tíì bàjẹ́ dandan, ìdọ̀tí ló ń gbé. Èyí tó funfun bí ẹ̀kọ mímu lẹ̀rù wà lára rẹ̀: omi ti wọ inú rẹ̀, bóyá láti rédíétọ̀. Kí a má tan irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ mọ́ títí mẹkáníìkì á fi dé. Ti kọ́ńdẹ́ǹ ọ́ìlì, èyí tí a ti lò, gọ́tà kọ́ ni ibi rẹ̀. Ká dà á padà sínú gálọ́ọ̀nù. Àmọ́ gálọ́ọ̀nù tó bá ṣófo tí a kò nílò mọ́, ká gún un níhò kí a tó jù ú nù, torí àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń wá a ra.