Bí wọ́n bá ti fi stent sí òpójẹ̀ ọkàn, ṣé ó parí nìyẹn?

Bí dókítà bá sọ fún bàbá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé òpójẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti ń dí, iye owó tí wọ́n máa fi là á ni ẹbí máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Wọn á pe àwọn ọmọ tó wà l'Ékòó àti l'ókè òkun, wọn á dárúkọ Íńdíà, ẹlòmíràn á tilẹ̀ ní kí wọ́n ta ilẹ̀. Èrò wọn ni pé òpójẹ̀ dà bíi páìpù omi: ibi tó dí nìkan ni wàhálà wà, bí wọ́n bá ti là á, ikú òjijì ti yẹ̀ lórí bàbá.

N kò bá wọn wí. Àwọn dókítà gan-an rò bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, láti ìgbà tí dókítà kan, Andreas Gruentzig, ti fi bàlúùnù kékeré la òpójẹ̀ ọkàn ní Zurich lọ́dún 1977. Ẹ̀yìn ìyẹn ni stent dé, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ oníhò tí wọ́n ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí ọ̀nà má baà tún padé.

Ìwádìí tí wọ́n pè ní ISCHEMIA, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, ló da ọ̀rọ̀ rú. Aláìsàn 5,179 ló wà nínú rẹ̀, láti orílẹ̀-èdè 37, àìsàn tiwọn kì í sì í ṣe ti pàjáwìrì. Gbogbo wọn gba oògùn gidi (mi ò sọ àgbo o): ti ẹ̀jẹ̀ ríru, statin tó ń dín ọ̀rá kù, aspirin. Wọ́n wá fi stent tàbí iṣẹ́ abẹ kún un fún ọ̀pọ̀ nínú ìdajì wọn. Lẹ́yìn bí ọdún 3, àfikún yẹn kò dín ikú kù, kò sì dín iye àwọn tí ìkọlù ọkàn mú kù lápapọ̀.

Ìdí ni pé ọ̀rá tó ń dí òpójẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ojú kan ṣoṣo. Stent kì í gùn tó ìka ọwọ́, ibi tó bá wà nìkan ló ń tún ṣe. Èyí tó máa pa ènìyàn lè jẹ́ òkìtì ọ̀rá kékeré níbòmíràn, tí kò tíì dínà rárá: ojú rẹ̀ á ya lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, ọ̀nà á dí pátápátá. Oògùn ló ń dé gbogbo ibẹ̀.

Ṣé stent ò wá wúlò ni? Ó wúlò. Nínú ìwádìí mìíràn, ORBITA-2, tí wọ́n ṣe nílùú Ọba, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, wọ́n dá oògùn ìrora àyà dúró fún aláìsàn 301, wọ́n fi stent sí àwọn kan, wọ́n ṣe bí ẹni ń fi í sí àwọn tó kù, kò sì sí aláìsàn tó mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Àyà tu àwọn tó gba stent gidi lára jù. Nítorí náà, ẹni tí àyà ń fún ṣáá bó bá ń gun àtẹ̀gùn, tí oògùn ò ká a, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Ẹni tí gbòǹgbò òpójẹ̀ apá òsì ọkàn rẹ̀ bá dí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tún yàtọ̀. Wọn kò gba irú wọn sínú ISCHEMIA.

Pàjáwìrì kò sì sí nínú gbogbo èyí. Bí àyà bá dédé fún ènìyàn pinpin, tí òógùn tútù bò ó, tí ìrora gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà yẹn, lílà òpójẹ̀ kíákíá ń gba ẹ̀mí là.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ẹni tó gba stent dé, tó wá pa oògùn tì nítorí pé ara ti yá. Òun gan-an ni kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀: ó máa ń lo aspirin àti oògùn kejì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, fún ọ̀pọ̀ oṣù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú stent náà. Kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ẹ bèèrè iye tí oògùn wọ̀nyẹn ń ná ènìyàn lóṣù.