Supramolecular polymer ajẹrà: ìlẹ̀kẹ̀ tó ń gbé oògùn wọ inú sẹ́ẹ̀lì

Ẹni tó bá ń sín ìlẹ̀kẹ̀ kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹyọ kan mọ́ èkejì. Okùn ló ń kì bọ ihò wọn, á wá ta kókó sí ìpẹ̀kun méjèèjì. Já kókó ọ̀hún wò, kí o rí bí gbogbo ẹyọ ṣe máa fọ́n ká ilẹ̀.

Irú ìsopọ̀ yìí ni supramolecular polymer ń lò. Pólímà tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ṣe ni mólékù inú rẹ̀ so mọ́ra pinpin bí irin tí wẹ́dà jó pọ̀. Ti supramolecular kò rí bẹ́ẹ̀: ọ̀kan lè kàn fara ti èkejì, tàbí kó wọ inú ihò rẹ̀, kó sì dúró síbẹ̀.

Lọ́dún 1992, Akira Harada àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáànì kọ nípa ọ̀kan tó jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ gan-an. PEG, ìyẹn pólímà gígùn kan tó ń yọ́ nínú omi, ni okùn rẹ̀. Cyclodextrin ni ẹyọ rẹ̀, ìyẹn òrùka ṣúgà tí wọ́n ń fi sítáàṣì ṣe. Gúlúkóòsì 6 ló para pọ̀ di òrùka kan. Mólékù tó tóbi ju ihò òrùka lọ ni wọ́n fi ṣe kókó. Polyrotaxane lorúkọ irú rẹ̀.

Kí ló kan oògùn nínú èyí? Ẹ wo DNA, ìyẹn mólékù tó gbé àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé, tí wọ́n fẹ́ fi wo àìsàn. Ó gùn, ẹ̀jẹ̀ lè gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, agbára iná rẹ̀ sì jẹ́ négétíìfù bíi ti ara sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn ni. Pólímà tó ní pọ́sítíìfù ni wọ́n fi ń dì í. Ọ̀kan lára wọn, PEI, mọ̀ ọ́n dì dáadáa, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n tú, kì í jẹrà, ó sì lè pa sẹ́ẹ̀lì tó gbà á lálejò. Lójú tèmi, ibi ìtúdì yìí gan-an niṣẹ́ wà.

Ohun tí Tooru Ooya, Nobuhiko Yui àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde lọ́dún 2006 nìyí: wọ́n fún òrùka ní pọ́sítíìfù kó lè di DNA mú, wọ́n sì fi súfúrù méjì tó so kọ́ra de kókó mọ́ okùn. Nínú ẹ̀jẹ̀, kókó dúró. Sẹ́ẹ̀lì gbé ẹrù náà mì sínú àpò kékeré kan tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Tí ẹrù bá bọ́ níbẹ̀, ó di inú sẹ́ẹ̀lì gangan, níbi tí glutathione, mólékù kékeré kan tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe fúnra rẹ̀, ti pọ̀ ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì. Glutathione já súfúrù, kókó yọ, òrùka ń yọ̀ bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òrùka kan ṣoṣo ò lágbára láti di DNA mú mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà “ajẹrà” tàn yín o. Kì í ṣe bí ewé mọ́ínmọ́ín ṣe ń jẹrà lórí ààtàn. Okùn PEG fúnra rẹ̀ kì í jẹrà. Bí kò bá ti gùn jù, kíndìnrín á tọ̀ ọ́ dànù.

Ìbátan rẹ̀ kan ti dé ara èèyàn. Lọ́dún 2010, Mark Davis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ròyìn pé pólímà oní-cyclodextrin gbé RNA kékeré tó ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́ dé inú kókó jẹjẹrẹ àwọn tó ní jẹjẹrẹ awọ ara. PEG tó bo ẹrù yẹn, orí rẹ̀ kàn ki ara bọ ihò òrùka ni.