Àlákálàá lára àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì

Àlákálàá ogun ni àlá adẹ́rùbani tó máa ń padà wá bá ológun lóru, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó ti kúrò lójú ìjà. Ó wà lára àmì PTSD, àìsàn ọkàn tó máa ń tẹ̀lé ìṣẹ̀lẹ̀ adẹ́rùbani, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn lọ́dún 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ẹlòmíràn máa ń rí: ìbọn tó ń dún, ọ̀rẹ́ tó ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á ta jí, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì. Àwọn kan a máa ju ẹ̀ṣẹ́ lójú oorun, tí ìyàwó á fi lọ sùn sí yàrá mìíràn. Nígbà tó bá yá, oorun fúnra rẹ̀ á di ohun ìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọtí wá oorun. Ọtí máa ń tètè kunni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti ń dá lójú, àlá náà tún lè le sí i.

Noradrenaline, èròjà tó ń múra ara sílẹ̀ fún ìjà, wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fura sí pé ó ń fa àlá yìí, torí kì í rọlẹ̀ tó lóru lára àwọn aláìsàn yìí. Ó tún yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èémí ń dá dúró lójú oorun, nítorí títọ́jú ìyẹn lè dín àlá kù.

Àlá náà lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí PTSD ti rọlẹ̀, ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n dojú ìtọ́jú kọ òun gan-an. Èyí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2018 ni yíyí àlá padà lójú mọmọ. Aláìsàn á mú àlá kan, kì í ṣe èyí tó burú jù, á kọ ọ́ sílẹ̀, á yí i padà bó ṣe wù ú, á sì máa fi ojú inú wo àlá tuntun náà fún ìṣẹ́jú bíi 10 sí 20 lójúmọ́. Kì í ṣe gbogbo ológun ló ń ràn lọ́wọ́.

Prazosin, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń dí noradrenaline lọ́wọ́, ṣe dáadáa nínú àwọn ìwádìí kéékèèké. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ńlá tó jáde lọ́dún 2018, tí ológun 304 kópa nínú rẹ̀, kò borí oògùn àfarawé, ìyẹn èyí tí kò ní èròjà ìwòsàn nínú. Síbẹ̀ àwọn dókítà ṣì ń lò ó fún àwọn kan. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ó lè mú kí òòyì kọ́ni téèyàn bá dìde lójijì.