Gbèsè sí owó ọdún: ìṣirò tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera l'Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti ní Maryland ló ń ṣe iṣẹ́ CNA, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mọ́jú, tí wọ́n sì ń rò ó lọ́kàn pé àwọn ó padà sílé ẹ̀kọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìlera tó tún lówó lórí. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn kan fẹ́ máa ya X-ray, àwọn kan fẹ́ máa tọ́jú èémí aláìsàn, àwọn mìíràn fẹ́ máa fọ eyín fún èèyàn. Àwọn iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní allied health. Community college, ìyẹn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àdúgbò, sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gba associate degree, ìyẹn oyè ọlọ́dún méjì, tí wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Èló ni wọ́n ń san?" Ó yẹ ká bèèrè bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó tún yẹ ká bèèrè pé èló la máa jẹ ká tó débẹ̀.

Ìṣirò tó so ìbéèrè méjèèjì pọ̀ ni debt-to-earnings. Ẹ ṣírò iye tí ẹ ó máa san lọ́dún kan lórí owó tí ẹ yá fún ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ wo ìdá mélòó ló jẹ́ nínú owó tí iṣẹ́ náà ń mú wọlé lọ́dún, kí wọ́n tó yọ owó orí. Nínú òfin tí Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2023, ìdá 8 nínú 100 jẹ́ ọ̀kan lára ààlà tí wọ́n fà. Ohun tó bá kọjá ìyẹn ti ń wúwo.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Àwọn respiratory therapist ló ń tọ́jú èémí aláìsàn. Ní May 2024, owó àárín iṣẹ́ náà jẹ́ 80,450 dọ́là lọ́dún: ìdajì àwọn tó ń ṣe é ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó ìdajì yòókù kò tó bẹ́ẹ̀. Ká ní ẹnì kan yá 12,000 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba ní èlé 6.39 nínú 100, èyí tó wà fún 2025 sí 2026, tó sì fẹ́ fi ọdún 10 san án. Bí 136 dọ́là ni yóò máa san lóṣù. Nínú owó ọdún rẹ̀, bí ìdá 2 nínú 100 ni.

Ẹlòmíràn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ó kọ́ medical assistant, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ dókítà, ó sì jẹ gbèsè 30,000 dọ́là. Bí èlé rẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, 339 dọ́là ni yóò máa san lóṣù. Owó àárín iṣẹ́ yẹn sì jẹ́ 44,200 dọ́là. Ohun tó ń san lọ́dún ti lé ní ìdá 9 nínú 100 owó yẹn. Àwọn méjèèjì ló ń wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn, àmọ́ ìnira tó wà lọ́rùn wọn kò dọ́gba rárá.

Ẹ lè rí iye gbèsè àti owó iṣẹ́ fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lórí College Scorecard, ìkànnì tí Iléeṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ń ṣe. Ẹ kà á, àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń kà. Gbèsè tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó yá owó ìjọba tó sì parí ẹ̀kọ́. Èyí tí èèyàn yá ní báńkì kò sí níbẹ̀. Ẹni tó jáwọ́ lágbedeméjì náà kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sì ń dùn mí jù, torí owó CNA ni yóò fi máa san gbèsè iṣẹ́ tí kò rí ṣe. Àwọn tó ń jáwọ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àyè inú kíláàsì X-ray kì í pọ̀, èèyàn sì lè fi ọdún kan gbáko ka Anatomy and Physiology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ara èèyàn, kó tó mọ̀ bóyá wọ́n máa mú òun.

Gbèsè kan tún wà tí ilé ẹ̀kọ́ kò ní kọ sínú ìwé fún yín. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ clinical, ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ilé ìwòsàn lẹ ó máa lọ láàárọ̀, wọn kì í sì í sanwó rẹ̀. Ẹni tó ń gba 18 dọ́là ní wákàtí kan, tó wá dín wákàtí 40 kù sí 20 lọ́sẹ̀, ti pàdánù 360 dọ́là lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Owó ilé kò dín kù, owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé fún ìyá wa náà kò dín kù. Credit card ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi dí ihò yẹn, èlé rẹ̀ sì le ju ti ìjọba lọ dáadáa. Ẹ fi kún gbèsè kí ẹ tó ṣírò.

Ẹni tó ní green card lè béèrè fún Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, tó lè tó 7,395 dọ́là lọ́dún fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Wọn kì í san án padà. FAFSA ni fọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé kí ẹ tó kún un.

Fún ti X-ray, JRCERT, àjọ tó ń fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ X-ray, pàṣẹ pé kí ilé ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí gbé àwọn iye wọ̀nyí síta: iye akẹ́kọ̀ọ́ tó parí, iye tó yege ìdánwò ARRT, ìyẹn ìdánwò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ X-ray, nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, àti iye tó ríṣẹ́ láàárín oṣù 12. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń fi nǹkan wọ̀nyí pamọ́ fún yín, ẹ lọ síbòmíràn.