Òórùn Ti Lọ, Ṣùgbọ́n Oògùn Ikán Ṣì Wà Nínú Pákó

Bí wọ́n bá tú òrùlé àtijọ́ ní Àkúrẹ́, ìbáà ṣe ní Ìsínkàn tàbí lójú ọ̀nà Ọ̀dà, pákó tó bọ́ sílẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Alásè ń wá a, àwọn tó ń yan gààrí ń wá a, torí ó ti gbẹ, ó sì ń jó lala. Bí ẹnì kan bá ní wọ́n ti fi oògùn ikán kun pákó náà rí, èsì tí yóò gbọ́ ni pé, "Láti ọdún wo? Ṣé o gbọ́ òórùn kankan ni?" Ohun tí ọ̀pọ̀ gbàgbọ́ nìyẹn: oògùn tó bá ti gbẹ, tí òórùn rẹ̀ ti lọ, ti di asán, èyí tó bá sì ṣẹ́ kù, iná á jó o.

Kò rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí káfíńtà ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, irú Solignum, ń ṣàn bíi kẹ́rosíìnì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló sì ń fa orí fífọ́ àti òòyì. Tó bá gbẹ, apá tó ń rùn ti fò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń pa ikán jókòó sínú igi. Bí kò bá jókòó, kí ni yóò máa lé ikán lẹ́yìn ọdún márùn-ún? Ẹni tó sanwó oògùn kí ikán má bàa jẹ òrùlé rẹ̀ kò tún lè máa sọ pé oògùn náà ti kúrò níbẹ̀.

Oríṣi kejì kì í tilẹ̀ rùn sí èèyàn nímú tó bá ti gbẹ. CCA ni wọ́n ń pè é. Kíróómù, bàbà àti májèlé kan tí wọ́n ń pè ní àsẹ́níìkì ni wọ́n pò pọ̀, Sonti Kamesan, ará Íńdíà, ló sì gbé e jáde ní 1933. Inú àgbá irin ńlá ni wọ́n ti ń fi agbára ẹ̀rọ tì í wọ inú igi, òpó iná sì wà lára ohun tí wọ́n ń fi í sí. Ó máa ń mú kí igi ní àwọ̀ ewé díẹ̀, àmọ́ oòrùn àti òjò á pa àwọ̀ náà rẹ́ tó bá yá. Nítorí náà, ojú lásán kò lè fi òpó tó wó, tí àwọn ará àdúgbò ti là sí bẹ́ǹṣì tàbí afárá gọ́tà, mọ̀ yàtọ̀ sí igi mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, láti ìparí 2003 ni wọn kò ti fi í sí igi ilé gbígbé mọ́.

Àsẹ́níìkì yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Iná lè jó igi, kò lè jó àsẹ́níìkì. Ẹ wo iyọ̀ nínú ọbẹ̀: bí ọbẹ̀ bá gbẹ lórí iná, omi ló lọ, iyọ̀ kò lọ, ńṣe ni ìsàlẹ̀ ìkòkò á tún wá níyọ̀ jù. Bákan náà, tí òpó ńlá bá jó di eérú tí kò ju garawa kan lọ, ohun tó wà káàkiri inú òpó ti kóra jọ sínú garawa yẹn. Díẹ̀ á bá èéfín lọ, imú ẹni tó ń koná ló sì máa kọ́kọ́ bá pàdé.

Ojú ẹbí kan ti rí i. Ní ìgbèríko Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, èèyàn mẹ́jọ nínú ilé kan ṣàìsàn fún ọdún mẹ́ta: irun ń re, ara ń sú, gìrì ń mú wọn. Bí òtútù bá dé, àìsàn náà á le, bí ooru bá dé, á fúyẹ́. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń dáná pákó oníkẹ́míkà nínú sítóòfù láti fi yá ilé. Nígbà tí wọ́n yẹ irun àti èékánná wọn wò, àsẹ́níìkì wà níbẹ̀. Ọdún 1984 ni àwọn dókítà kọ ọ́ jáde. Òótọ́ ni pé ìta gbangba ni àwọn alásè tiwa ń dáná, afẹ́fẹ́ sì ń bá wọn gbé díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró de ìgbà òtútù. Yípo ọdún ni.

Eérú ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí lágbègbè wa, a kì í da eérú nù. À ń fi í pa ojú èbù iṣu kó má bàa rà, à ń wọ́n ọn sídìí ẹ̀fọ́ nítorí kòkòrò, à ń fi í fọ ìdí ìkòkò. N kò bá eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa ń fi ṣe ọṣẹ l'Óǹdó jà o. Àmọ́ tí wọ́n bá ti bu eérú pákó òrùlé mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ ti di méjì. Àsẹ́níìkì máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀, ọmọdé tó ń ṣeré níbi tí wọ́n da eérú sí á sì fi ọwọ́ kan náà sẹ́nu.

Ní sọ́míìlì, wọ́n mọ̀ pé eruku igi ìrókò àti igi ọ̀fún ń mú èèyàn sín, ó sì ń mú ara yún, wọn kàn kà á sí ara iṣẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ eruku igi lásán, tí kò ní oògùn kankan, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ imú láti 1995. Wọ́n ka àsẹ́níìkì náà mọ́ ọn, ti ẹ̀dọ̀fóró, awọ ara àti àpò ìtọ̀. Káfíńtà tó ń fi ayùn oníná gé pákó tó ti mu CCA, méjèèjì ló ń fà símú. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kò sì yẹ kó dé abẹ́ adìẹ.

Ẹ má tìtorí èyí sá kúrò nílé yín. Pákó tó wà lókè àjà, tí ẹnikẹ́ni kò gé, tí ẹnikẹ́ni kò sun, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ẹni tó ń fi oògùn kùn ún, kó ṣe é níta, kó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kó sì fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó bu òkèlè tàbí tan sìgá. Ẹ má fọ aṣọ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ. Ní ti àjákù pákó, kí onílé bá káfíńtà sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé kò ní bá onígi kankan lọ, àwọn akólẹ̀ ni yóò kó o.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ mílíìkì. Ọ̀pọ̀ káfíńtà àti àwọn tó ń kun ọ̀dà gbà pé agolo mílíìkì kan lẹ́yìn iṣẹ́ á fọ kẹ́míkà kúrò lára. Ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín àti eruku ń wọ̀, ikùn ni mílíìkì ń lọ, wọn kò pàdé. Epo pupa léwu ju mílíìkì lọ, pàápàá fún ọmọ tó ṣèèṣì mu oògùn pákó tó ń ṣàn bíi kẹ́rosíìnì. Bí wọ́n bá rọ epo sí i lẹ́nu, tó sì bì, oògùn náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló sì ti ń pani. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má fi ìka sí i lọ́fun kó lè bì. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú agolo oògùn náà dání.