Ìdámọ̀ àwọn kókó neuroendocrine inú ẹṣẹ́ táíróìdì

Àwọn kókó neuroendocrine ti táíróìdì, ẹṣẹ́ tí ó wà níwájú ọrùn, jẹ́ ọ̀wọ́ àrùn tí kò wọ́pọ̀, tí ó ń ti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe họ́mọ̀nù, tí wọ́n sì tún ní àbùdá tí ó jọ ti sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára, yọ jáde. Èyí tí a ń rí jù nínú wọn ni jẹjẹrẹ medullary, tí ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 1 sí 5 nínú 100 gbogbo jẹjẹrẹ táíróìdì. Paraganglioma (kókó tí ó ń ti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó so mọ́ iṣan ìmọ̀lára yọ) tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú táíróìdì fúnra rẹ̀, àti kókó neuroendocrine tí ó ti ibòmíràn tàn dé ibẹ̀, ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1959 ni Hazard, Hawk àti Crile ṣàpèjúwe jẹjẹrẹ medullary gẹ́gẹ́ bí àrùn tí ó dá dúró lọ́tọ̀, nígbà tí ó sì di 1966, Williams dábàá pé sẹ́ẹ̀lì C ni orísun rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì yìí ń ṣe họ́mọ̀nù calcitonin; kì í fa ayodíìnì mọ́ra, ìdí nìyẹn tí ayodíìnì onítànṣán tí a fi ń tọ́jú àwọn jẹjẹrẹ táíróìdì mìíràn kò fi wúlò fún un.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀

Calcitonin tí ó pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní kókó lọ́rùn ń tọ́ka sí jẹjẹrẹ medullary. Èyí tí ó ga díẹ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí àìsàn kíndìnrín, àwọn oògùn kan tí ń dín omi kíkan inú ikùn kù, àti kókó neuroendocrine inú ẹ̀dọ̀fóró lè gbé e sókè pẹ̀lú. A sábà máa ń wọn CEA, purotéènì mìíràn tí jẹjẹrẹ yìí ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, pọ̀ mọ́ ọn.

Abẹ́rẹ́ àti máíkírósíkóòpù

Abẹ́rẹ́ tín-ínrín tí a fi ń fa sẹ́ẹ̀lì jáde lè má dá jẹjẹrẹ medullary mọ̀, nítorí pé ìrísí rẹ̀ pọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan rí roboto, núkílíọ̀sì (àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí jíìnì wà) wọn sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mìíràn gùn, wọ́n sì mú ṣónṣó lórí méjèèjì bí ìrànwú. Inú núkílíọ̀sì sì máa ń rí wínníwínní bí ìgbà tí a da iyọ̀ pọ̀ mọ́ ata. Bí a bá wọn calcitonin nínú omi tí a fi ṣan abẹ́rẹ́ náà, ọ̀rọ̀ sábà máa ń yanjú sí i.

Lára ẹran ara tí a gé ni iṣẹ́ ìdámọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Amyloid, ìyẹn purotéènì tí ó gbá jọ, máa ń wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì medullary lọ́pọ̀ ìgbà: aró Congo red ń sọ ọ́ di pupa, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ polarised (ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ ń mì sí apá kan ṣoṣo), ó ń yí padà sí àwọ̀ ewé bíi ti ápù tútù. Àwọn aró mìíràn wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fi purotéènì kan hàn nínú sẹ́ẹ̀lì, orúkọ purotéènì náà ni a sì fi ń pè wọ́n. Aró chromogranin àti synaptophysin ń fi hàn pé kókó jẹ́ neuroendocrine, wọn kò sọ irú èyí tí ó jẹ́. Ohun tí ń ya medullary sọ́tọ̀ ni pé ó ń gba aró calcitonin àti CEA, kì í sì í gba ti thyroglobulin, purotéènì tí àwọn sẹ́ẹ̀lì táíróìdì yòókù ń ṣe. Paraganglioma kì í gba aró calcitonin, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà gba keratin. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gba S100 ló máa ń yí ìdì sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ká. Pípe paraganglioma ní medullary ni àṣìṣe tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jù, pàápàá nígbà tí ẹran ara tí a rí gbà kéré. Kókó parathyroid (ẹṣẹ́ kéékèèké ẹ̀gbẹ́ táíróìdì) tí ó fara pamọ́ sínú táíróìdì ń gba aró PTH, họ́mọ̀nù ẹṣẹ́ náà. Aró TTF-1 kò lè dá ẹjọ́ láàárín medullary àti èyí tí ó ti ẹ̀dọ̀fóró wá, nítorí pé méjèèjì lè gbà á; àwòrán àyà àti ìtàn àìsàn ni yóò là á.

Láti 2022, a ń ka jẹjẹrẹ medullary sí èyí tí ó burú jù (high-grade) bí a bá rí òkú ẹran ara nínú kókó náà, tàbí tí Ki-67, aró tí ń fi àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń gbèrú hàn, bá tó ìdá 5 nínú 100, tàbí tí sẹ́ẹ̀lì tí ń pín bá tó 5 nínú 2 mm².

Jíìnì RET

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin jẹjẹrẹ medullary ni a ń jogún, nípasẹ̀ àyípadà nínú jíìnì RET tí a so mọ́ MEN2, àrùn àjogúnbá tí ń mú kókó yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹṣẹ́, ní 1993. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí a bá rí jẹjẹrẹ yìí lára rẹ̀ ni ó yẹ kí a yẹ jíìnì rẹ̀ wò. Kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ó ní MEN2, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo bóyá pheochromocytoma, kókó tí ń yọ nínú ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, wà lára rẹ̀, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè dé ibi tí ó léwu lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.